Ìsinmi Níwájú Ọlọ́run Kò Yọ Ara Sílẹ̀

Bí a bá dárúkọ ìsinmi níwájú Ọlọ́run, ìbàlẹ̀ ọkàn ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ máa ń rò. Kò burú, ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ àwọn Hébérù kò fi í mọ síbẹ̀. Nínú Deutarónómì orí 12, Mósè ní àwọn èèyàn yóò gòkè Jọ́dánì, Ọlọ́run yóò fún wọn ní ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀tá tó yí wọn ká, wọn yóò máa gbé láìléwu, wọn yóò sì máa jọ́sìn níbi tí Ó bá yàn fún orúkọ rẹ̀. Kò ya ilẹ̀ àti ààbò kúrò lára ìjọsìn. Ó yẹ kí èyí tètè yé wa ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Oṣù kọkànlá ọdún 1878 ni wọ́n ja ogun Jálumi ní Ìkìrun, tí ọ̀pọ̀ jagunjagun tó ń sá lọ bá odò Ọ̀tìn lọ. Títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjí lọ́dún 1886, tí àlùfáà Samuel Johnson wà lára àwọn tó ń ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀, ìbẹ̀rù ogun kò kúrò nílẹ̀ yìí. Ta ló lè sọ fún àgbẹ̀ tí ẹ̀rù akónilẹ́rú ń bà lóko pé ọkàn rẹ̀ nìkan ni ìsinmi kàn?

Ẹ tún wo Èlíjà. Ó sá fún Jésébẹ́lì wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó dé kò bá a wí. Èlíjà sùn, wọ́n jí i, ó bá àkàrà lórí ẹ̀yinná àti orù omi níbi orí rẹ̀, ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Wọ́n tún jí i kó jẹun sí i, kó tó rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù, níbi tó ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Oorun àti oúnjẹ ló ṣáájú ohùn náà.

Àwọn kan yóò ní Jákọ́bù jìjàkadì títí ilẹ̀ fi mọ́ kó tó gba ìbùkún. Òótọ́ ni, n kò sì kẹ́gàn ìṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù yìí kan náà ti sùn ní Bẹ́tẹ́lì, òkúta lábẹ́ orí rẹ̀, nígbà tí Ọlọ́run fara hàn án. Ìgbà tó jí ló mọ̀ pé Ọlọ́run wà níbẹ̀. Kì í ṣe bí àárẹ̀ ara ṣe pọ̀ tó ni a fi ń súnmọ́ Ọlọ́run.

Àtakò tó le jù ni ti ẹni tó sọ pé ebi kò jẹ́ kí tálákà sinmi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ni òfin ọjọ́ ìsinmi wà fún. Nígbà tí wọ́n ṣì wà lóko ẹrú, tí wọ́n tọrọ àyè láti lọ sin Ọlọ́run, Fáráò pè wọ́n ní ọ̀lẹ, ó sì dáwọ́ koríko bíríkì wọn dúró. Ìdí nìyí tí òfin náà fi dárúkọ ìránṣẹ́kùnrin, ìránṣẹ́bìnrin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti àlejò, tó sì ní kí wọ́n sinmi, ìgbà ìtúlẹ̀ àti ìkórè pàápàá. Bí tálákà kò bá rí ìsinmi, ọwọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin ìyá tí ọmọ ọlọ́mọ ń bá yín kiri ọjà, bí ẹ bá ti ń múra ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday, ẹ jẹ́ kí àwọn náà sinmi.