Àparò Pípè ní Ìṣùà Àkókó: Ìmọ̀ràn fún Ọdẹ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Tòlótòló inú igbó kò sí nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn tí ẹ ń rí nínú àgbàlá, Amẹ́ríkà ni ìran wọn ti ṣẹ̀, níbi tí àwọn ọdẹ ti ń fi ohùn ẹyẹ àti ẹyẹ ẹ̀tàn fà á wá síwájú ìbọn. Ní Ìṣùà, àparò ló gba ipò yẹn. Òun náà ń fẹsẹ̀ rìn ju kó fò lọ, ó ń kọ ní kùtùkùtù, ojú rẹ̀ sì mú. Awó náà jẹ́ ẹran ọdẹ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àparò ni kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣùà ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlà-Oòrùn Àkókó, lẹ́bàá ẹnubodè Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Uhami, èdè tó bá ti Ẹ̀dó tan, ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ nílé. Igbó àti ọ̀dàn ló wọnú ara wọn níbẹ̀, àpáta sì pọ̀ láàárín oko iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ibi tí àparò fẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí kò fẹ́ràn igbó kìjikìji. Etí oko ló ti ń ṣa ọkà tó já sílẹ̀, tó ń tú ẹ̀pà, tó sì ń jẹ ikán. Akọ rẹ̀ ni ẹ̀gún méjì máa ń yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ní kò sí àparò tó ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Létí ọdẹ, ọ̀rọ̀ ojú oko ni: èyí tó gun orí ebè, tàbí orí òkìtì ọ̀gán, akọ tó fẹ́ kọ ni.

Láti Òkúdù títí di Ọ̀wẹ́wẹ̀, koríko ti ga, ẹyẹ lè wà lẹ́sẹ̀ yín kí ẹ má rí i. Ìgbà tí wọ́n bá ti kórè tán, tí ọyẹ́ ti gbẹ koríko, láti Bélú lọ, ni ojú ilẹ̀ máa ń là. Àwọn kan a dáná sun igbó nígbà náà, wọn a sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èmi ò ka ìyẹn sí ọdẹ. Iná a jó ẹyin pẹ̀lú ìtẹ́, a sì máa wọ oko kòkó ẹlòmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ lọ láìmú ìbọn dání. Ẹ jókòó kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ gbọ́ ibi tí akọ kọ̀ọ̀kan ti ń kọ. Ohùn rẹ̀ ha, ó dà bí ayùn tó ń gé igi gbígbẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ó tún lè kọ. Lẹ́yìn tí etí yín bá ti mọ̀ ọ́n ni kí ẹ tó máa fi ọ̀fun àti àtẹ́lẹwọ́ méjì tí ẹ kó bo ẹnu sín in jẹ.

Ibí yìí ni ọ̀nà tiwa àti ti Amẹ́ríkà ti yà. Akọ tòlótòló máa ń gun abo púpọ̀, nítorí náà ohùn abo ni ọdẹ ibẹ̀ ń dá. Wọ́n ń lo àpótí onígi kékeré tí wọ́n fi ẹfun kùn, tí ìdérí rẹ̀ ń ha á, tàbí awẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sẹ́nu. Àparò ní tirẹ̀ kì í sábà fẹ́ ju abo kan lọ, ó sì máa ń ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ohùn akọ àjèjì ló ń mú un bínú jáde. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dákẹ́. Bó bá dáhùn, ẹ má tètè pè é mọ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi òfin de ohùn inú ẹ̀rọ fún ọdẹ tòlótòló. Ẹ̀yin náà ẹ fi fóònù sápò.

Ẹyẹ ẹ̀tàn kò ṣòro. Ọdẹ Amẹ́ríkà a ra tòlótòló oníke tàbí onírọ́bà. Igi gbígbẹ́ tí a kùn ní àwọ̀ ilẹ̀ tó fún àparò, bí ẹ bá gbé e síbi tí koríko kò ti bò ó, kí ó sì jìnnà sí yín tó ogún ìṣísẹ̀. Àmọ́ àwọn ọdẹ Haúsá ló gbà mí lọ́kàn jù: wọ́n ń de orí àti ọrùn àkàlà mọ́ iwájú orí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ nínú koríko, wọ́n á máa rìn bí àkàlà ti ń rìn. Ẹran tó ń wo ẹyẹ tó mọ̀ kò ní sá títí ọfà á fi tó o.

Ewu kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó ń pa ènìyàn. Ẹni tó ń fi ohùn àparò pe àparò, àparò lòun náà létí ọdẹ mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, orí akọ tòlótòló ní àwọ̀ pupa, funfun àti búlúù, nítorí náà ọdẹ kì í wọ àwọn àwọ̀ wọ̀nyẹn. Aṣọ ọdẹ tiwa àti ìyẹ́ àparò jọ ara wọn, ìyẹn ló le jù. Ẹ fẹ̀yìn ti àpáta tàbí igi tó fẹ̀ ju èjìká yín lọ; Àkókó kò ṣaláìní àpáta. Ẹ sọ ibi tí ẹ máa jókòó sí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Bí ẹ bá gbúròó ènìyàn, ẹ sọ̀rọ̀ sókè, ẹ má juwọ́, ẹ má súfèé. Ẹ má yìnbọn sí ohùn lásán, kódà kí ẹ mọ̀ pé àparò ni; ẹ jẹ́ kí ẹyẹ fúnra rẹ̀ hàn, kó sì wọ ìwọ̀n ìṣísẹ̀ 30. Ẹyẹ tí ẹ pa àti ẹyẹ ẹ̀tàn, inú àpò ni kí wọ́n wà tí ẹ bá ń rìn.

Òfin ìbọn ti 1959 ní kí ẹni tó ní ìbọn gba ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ ṣakabùlà tàbí ìbọn tó ń lo kátíríìjì. Láti 2020 tí ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀, àti nítorí àwọn ajínigbé, ojú tí wọ́n fi ń wo àjèjì tó gbé ìbọn ní ìdájí ti yàtọ̀. Ẹ lọ fi ara yín han olórí ọdẹ àti ẹni tó ni oko kí ẹ tó wọgbó.

Abo tó ń kó ọmọ kéékèèké lẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ẹ bá tu ìyẹ́ ẹyẹ tán, ẹ wá ọta jáde nínú ẹran, kí ẹ sì la iwe rẹ̀ wò. Bí ẹ̀pà ló kún ibẹ̀, etí oko ẹ̀pà ni kí ẹ jókòó sí nígbà mìíràn. Bí ikán ni, ẹ wá ọ̀gán tó wà nítòsí. Bí ẹ bá rí àgbàdo tí wọ́n ti fi oògùn kùn fún gbígbìn, ẹ má jẹ ẹran náà, ẹ má sì jù ú sí ajá.