Àbúrò Tó Ń Bá Wa Bójú Tó Ilé: Owó Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Owó Orí Wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti pẹ́ ní Kàdúná níbí, ṣùgbọ́n a kọ́ ilé sílé. Àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ló ń bá wa gba owó lọ́wọ́ ayálégbé, òun ló ń wá ẹni tó máa tún òrùlé ṣe, òun náà ló ń parí ìjà wọn. Kí ló tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Báwo ló sì ṣe kan owó orí wa?

Èmi fúnra mi ti jìyà àìṣàdéhùn rí. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àbúrò mi kan ló ń bójú tó ilé mi ní Òṣogbo. N kò dá iye kankan fún un, mo ní ọmọ ìyá ni wá. Nígbà tó di ọdún kẹta, owó ilé kò pé mọ́. Mo béèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mo fi díẹ̀ wọ ọkọ̀, mo fi ìyókù san owó iléèwé ọmọ." Ó tó ọdún méjì kí a tó tún jókòó jẹun pọ̀. Ìgbà tí ara mi balẹ̀ ni mo rí i pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Bí a kò bá bù fún un, yóò bù ú fúnra rẹ̀, a kò sì ní mọ iye tó bù.

Òfin pàápàá fara mọ́ ọn pé kí a sanwó fún un. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Owó orí kan owó ilé, ṣùgbọ́n a lè kọ́kọ́ yọ ìnáwó tí a ṣe kí owó ilé náà tó lè wọlé. Owó ẹni tó ń bójú tó ilé wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹbí ẹni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ ní fúláàtì mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ₦600,000 wá lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ ₦2,400,000. Ẹ ń san ₦30,000 lóṣù fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ó di ₦360,000 lọ́dún. Ẹ fi ₦240,000 tún òrùlé ṣe. Ó ku ₦1,800,000. Bí ẹ kò bá ní owó mìíràn tí owó orí kàn, ẹ kò ní san nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Lórí ₦1,000,000 tó kù, náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni, èyí tó jẹ́ ₦150,000. Bí ẹ kò bá ní ìwé tó fi ìnáwó yìí hàn, ₦240,000 ni ẹ ó san. ₦90,000 ti lọ nítorí àìkọ nǹkan sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí iṣẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́ gidi, kí iye rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a lè san fún àjèjì. Ẹni tó ń san ₦150,000 lóṣù fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ní Zaria nítorí ilé tó wà ní Òṣogbo ń fa ìbéèrè lẹ́sẹ̀ ni.

2. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: iṣẹ́ tí yóò ṣe, iye owó rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ó san án. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.

3. Kí gbogbo owó ilé wọ àkáǹtì onílé, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ láti báńkì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

4. Ẹ má da ẹ̀bùn pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́. Owó ọdún àti owó ọbẹ̀ ìyá wa jẹ́ ìfẹ́, kì í ṣe ìnáwó ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkọ́ yàrá tuntun kì í ṣe àtúnṣe.

Ẹni tí ẹ ń sanwó fún náà gbọ́dọ̀ ka owó yìí mọ́ ohun tó ń wọlé fún un. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yín, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fi sí ₦70,000 ní 2024, kò sí owó orí lórí rẹ̀. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ ó máa yọ owó orí rẹ̀ san fún ìjọba.

Ohun kan tún wà tó ń rú wa lójú. Ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ó ti ń san owó orí lórí owó tó wọlé fún un, kì í ṣe ibi tí ilé rẹ̀ wà. Nítorí náà, àwa tí a ń gbé Kàdúná, Kàdúná ni a ó ti sọ iye tó wọlé fún wa, kí oṣù Kẹta tó parí lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin ará, ẹ pe àbúrò yín lálẹ́ òní. Ẹ béèrè iye tó tọ́ sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé tó bá wó ṣeé tún kọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kò ṣeé rà lọ́jà. Ire o.