Ògiri Tàbí Ìgbàjá? Àwọn Ọ̀rọ̀ fún Ìṣípò Adágún-ìlúwẹ̀ẹ́ Àlòkù

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí atúmọ̀-èdè lò bí ó bá ń kọ ìlànà fún títú, kíkó àti títún adágún-ìlúwẹ̀ẹ́ orí-ilẹ̀ tò. Irú adágún yìí wọ́pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ará Amẹ́ríkà. A kì í gbẹ́ kòtò fún un. Irin fẹ́lẹ́ bíi páánù ni a fi yí omi rẹ̀ ká. Bí onílé bá ń kó lọ sí ibòmíràn, ó lè tà á tàbí kí ó fi í tọrẹ. ‘Àlòkù’ ti tó fún irú ọjà bẹ́ẹ̀, a kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun. ‘Adágún’ sì dára ju ‘odò’ lọ, nítorí pé odò a máa ṣàn.

Ibi tí ìṣòro wà ni irin tí ó yí omi ká. Ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni ‘ògiri’, ọ̀rọ̀ yìí sì léwu. Ògiri a máa dúró nípa ìwúwo àti nínípọn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n irin yìí kò nípọn, kò sì wúwo. Bí omi bá ń tì í síta, ńṣe ni irin náà ń fà le yíká, gẹ́gẹ́ bí okùn irin tí ó di àgbá mú. Agbára yìí ni mo dábàá pé kí a pè ní ‘ìfàle’, kí a má baà dà á pọ̀ mọ́ ‘ìtì’ tí omi ń tì. Irin náà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ‘ìgbàjá-irin’.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò dán an wò. Bí adágún róbótó kan bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 24 (mítà 7.3), tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 3.5, omi náà yóò wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 45. Ìfàle tí ó wà nínú ìgbàjá rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò súnmọ́ ìwúwo tọ́ọ̀nù 2. Ojú ibi tí etí irin méjèèjì ti pàdé, tí a fi bóòtù dè, ni gbogbo èyí ń gbà kọjá. Àwọn ọ̀pá tí ó dúró yíká kò ru ẹrù omi náà. Nítorí náà n kò fẹ́ kí a pè wọ́n ní ‘òpó’. Bí adágún bá rí gbọọrọ bí ẹyin, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹ̀gbẹ́ tí ó tọ́ kò lè fi ìfàle gba ara rẹ̀, ó di dandan kí ó ní àtìlẹ́yìn.

Ìyàtọ̀ yìí kan ẹni tí ó fẹ́ ra àlòkù gan-an. Bí ìwé bá sọ fún un pé ògiri ti dógùn-ún díẹ̀, yóò rò pé ọ̀dà lásán ni yóò tún un ṣe, nítorí a máa ń rẹ́ ihò ara ògiri. Ṣùgbọ́n bí ìgbàjá bá já níbì kan, gbogbo rẹ̀ ni ó tú, omi yóò sì gbá ẹni tí ó bá wà nítòsí lọ. Ìsàlẹ̀ irin àti etí ihò tí omi ń gbà lọ sínú ẹ̀rọ asẹ́mi ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bóòtù tuntun ni kí ó sì fi tò ó.

Títú kò le púpọ̀. A ó fa omi dànù, a ó yọ ohun gbogbo tí a dè mọ́ ìgbàjá, a ó sì ká a bí ẹní, kí a fi okùn dì í. Ọjọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́ ni kí a ṣe é, kí ènìyàn bíi mẹ́rin pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, nítorí etí irin náà mú bí ọ̀bẹ. Ọ̀rá ìtẹ́nú, tí kì í jẹ́ kí omi jò, kì í sábà ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá ti gbó, ó ti sún kì, ó sì ti le.

Ilẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Níhìn-ín, ‘títẹ́jú’ kò tó, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà lè tẹ́jú. Mo dábàá ‘ìdúró-omi’: kí ilẹ̀ wà bákan náà pẹ̀lú ojú omi tí kò mì. Àwọn bíríkìlà wa mọ ọ̀nà rẹ̀. Wọn a rọ omi sínú rọ́bà gígùn tí ojú ń rí inú rẹ̀, wọn a sì na orí rẹ̀ méjèèjì sí ibi méjì. Ibi tí ó ga ni kí a gé, kí a má ṣe fi erùpẹ̀ kún ibi tí ó rẹlẹ̀, nítorí erùpẹ̀ tuntun yóò rì lábẹ́ tọ́ọ̀nù 45. Nígbà tí omi tí a ń rọ sínú rẹ̀ bá ti ga díẹ̀, kí a wọn jíjìn rẹ̀ yíká. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi ju íǹṣì kan jìn ju èkejì lọ, kí a da omi náà nù, kí a tú u, kí a tún ilẹ̀ gé.