Òdòdó Ti Rẹ̀ Dànù, Ewéko Kò Kú



Nínú ọ̀pọ̀ ilé, láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu, a máa ń rí òdòdó kan nínú ìkòkò, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní orchidée. Ó lè jẹ́ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ló rà á wá fún ìyá rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ló gbé e wá síbi ìgbéyàwó. Fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, gbogbo ẹni tó bá wọlé ní í máa wò ó. Lẹ́yìn náà, òdòdó á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku ewé mélòó kan àti ọ̀pá tí kò ní nǹkan lórí. Ìgbà yẹn ni a máa ń gbọ́ pé: «Ó ti kú, ẹ gbé e lọ sí ààtàn.»

Irọ́ ni, kò kú. Ó ń sinmi ni. Ẹ̀bùn tí ọmọ fi owó òógùn rẹ̀ rà ni a ń jù nù yẹn, bẹ́ẹ̀ ó lè tún tanná lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó sì tún tanná lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Irú ewéko wo ni?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìkòkò ni Phalaenopsis. Onímọ̀ ewéko kan, Carl Ludwig Blume, ló sọ ọ́ ní orúkọ yìí ní ọdún 1825. Èdè Gíríìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni «ohun tó jọ àfòpiná». Igbó olóoru ti Éṣíà, bí ti Indonéṣíà àti ti Filipínì, ni ilé rẹ̀. Ní ọdún 1993, ìjọba Indonéṣíà fi ọ̀kan nínú wọn, Phalaenopsis amabilis, kún àwọn òdòdó tí ń ṣe àmì orílẹ̀-èdè náà.

Níbẹ̀, orí igi ni ó ń gbé, kì í hù nínú ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oko yóò rántí àfòmọ́, èyí tí àwọn àgbà sọ pé kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni í bá tan. Ṣùgbọ́n orchidée kì í ṣe àfòmọ́. Àfòmọ́ a máa fa omi ara igi tó gbé e. Orchidée kàn jókòó sórí igi ni. Gbòǹgbò tirẹ̀ ni ó fi ń di èèpo igi mú, òun náà ni ó sì fi ń gba omi òjò àti ìrì. Bí òjò bá ti dá, atẹ́gùn á fẹ́ sí gbòǹgbò náà, á sì gbẹ. Ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ìdajì ìtọ́jú rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe sí ọ̀pá òdòdó?

Ẹ wo ọ̀pá náà dáadáa. Ó ní oríkèé bí ìrèké. Bí ó bá ti gbẹ, tí ó di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ gé gbogbo rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ó bá ṣì tutù, tí ewé náà sì le dáadáa, ẹ ka oríkèé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ gé e lókè ìkejì tàbí ìkẹta. Ẹ̀ka tuntun lè yọ níbẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, bí òdòdó rẹ̀ kò tilẹ̀ ní pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ewé bá rọ, tàbí tí kò ju méjì lọ, ẹ má ṣe dá a lágara. Ẹ gé ọ̀pá náà nísàlẹ̀, kí ó lè fi agbára rẹ̀ ṣe ewé àti gbòǹgbò.

Kí ẹ tó gé e, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ sínú iná, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù, kí àrùn ewéko mìíràn má bàa ràn án.

Omi ni ó ń pa á

Ọ̀pọ̀ orchidée tó kú nílé wa, ọ̀dá kọ́ ló pa wọ́n. Ìfẹ́ ni. Ìyá á bomi rin ín láàárọ̀, ọmọ á bomi rin ín lálẹ́, gbòǹgbò á sì jẹrà. Ẹ wo gbòǹgbò kí ẹ tó bu omi: bí ó bá ní àwọ̀ ewé, omi ṣì wà níbẹ̀, bí ó bá funfun bí eérú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó lè di ẹ̀ẹ̀mejì. Àárọ̀ ni kí ẹ bomi rin ín, kí omi náà sì ṣàn jáde tán nísàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dúró nínú àwo tó wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí láàárín ewé. Omi òjò ló dára jù.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ẹ gbé e sí etí fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń dé. Oòrùn ọ̀sán á jó ewé rẹ̀.

Ilẹ̀ oko kọ́ ni oúnjẹ rẹ̀

Ẹ má ṣe kó erùpẹ̀ sínú ìkòkò rẹ̀, nítorí yóò dí gbòǹgbò lọ́nà atẹ́gùn. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, nígbà tí òdòdó bá ti rẹ̀ dànù, ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ gé gbòǹgbò tó ti jẹrà kúrò, kí ẹ sì pààrọ̀ ohun inú ìkòkò náà. Èèpo igi tí a gé wẹ́wẹ́ dára, bẹ́ẹ̀ náà ni èédú àti háhá àgbọn, tí kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rẹ háhá náà sínú omi, kí ẹ sì da omi náà nù lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí iyọ̀ inú rẹ̀ lè jáde. Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀.

Ẹ dúró de ọyẹ́

Òtútù ni ó ń jí òdòdó tuntun. Bí ooru bá wà ní ìwọ̀n 28 lọ sókè tọ̀sán tòru, ewé nìkan ni yóò máa yọ. Bí ó bá wá sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 25 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pá tuntun lè jáde. Lọ́dọ̀ wa, ọyẹ́ Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ rí àǹfààní rẹ̀ ju àwọn ará Àjàṣẹ́ lọ, nítorí pé nítòsí òkun, òru kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Ẹ gbé ìkòkò sí ibi tí òru ti tutù jù nínú ilé, ṣùgbọ́n kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ má fẹ́ lù ú. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ àti omi díẹ̀ sínú àwo, kí ẹ gbé ìkòkò náà sórí òkúta, láìjẹ́ pé ìdí rẹ̀ kan omi.

Bí nǹkan bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, ẹ wò ó: orí gbòǹgbò rí roboto, ó sì ń dán, orí ọ̀pá òdòdó tẹ́ díẹ̀. Yóò tó bí oṣù mẹ́ta kí òdòdó tó là. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fi iṣẹ́ yìí lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lọ́wọ́, kí ó máa wo gbòǹgbò kó tó bu omi. Ọmọ tó bá lè dúró de òdòdó kan fún oṣù mẹ́ta ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí yóò wúlò fún un dọ́jọ́ alẹ́.

Nítorí náà, bí òdòdó bá rẹ̀ dànù nílé yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ wá oríkèé kejì, ẹ má sì ju ìkòkò náà nù.