Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé A Ò Ráyè? Ohun Tí Ìṣirò Sọ Nípa Fíìmù Wíwò àti Ìwé Kíkà

"Mi ò ráyè." Ẹ bi àwọn èèyàn léèrè ìdí tí wọn ò fi kàwé mọ́, ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ jù nìyẹn. Ìwé wà nílẹ̀, ó tiẹ̀ wà lórí fóònù, àmọ́ wọ́n ní àyè ò sí. Ẹni kan náà yìí lè ròyìn Part 1 àti Part 2 fíìmù tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá fún yín, títí kan ẹni tó pa bàbá ọmọ náà gan-an.

Mi ò sọ ọ́ láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi náà ń wo fíìmù dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni pé: ṣé àkókò ló tán lóòótọ́, àbí nǹkan mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀? Àwọn onímọ̀ ti ń wọn àkókò ọmọ èèyàn láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, èsì tí wọ́n rí sì lè yà yín lẹ́nu.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn àkókò?

Àkókò kì í ṣe ìrẹsì tí èèyàn á fi kóńgò wọ̀n. Bí ẹ bá bi mí pé, "Wákàtí mélòó lo fi ń kàwé lọ́sẹ̀?", iye tó yẹ kí n máa kà ni mo máa sọ, kì í ṣe iye tí mo ń kà. Bí ẹ bá sì béèrè ti fíìmù, màá din tèmi kù díẹ̀. Èèyàn ni gbogbo wa.

Nítorí èyí, ọ̀nà mìíràn ni àwọn olùwádìí ń gbà. Wọ́n á ní kí o sọ gbogbo ohun tí o ṣe láàárín wákàtí 24, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: ìgbà tí o jí, ìgbà tí o wẹ̀, ìgbà tí o wọ mọ́tò. Láàárín 1965 sí 1966, Alexander Szalai, ọmọ ilẹ̀ Hungary, darí irú ìwádìí yìí ní orílẹ̀-èdè 12. Ìwé tó jáde láti inú rẹ̀ ní 1972 ṣì jẹ́ òpómúléró iṣẹ́ náà títí dòní.

Láti 2003 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣe tiwọn lọ́dọọdún. Wọ́n á pe èèyàn lórí fóònù, wọ́n á ní kó ka ohun tó ṣe láti aago mẹ́rin ìdájí àná títí di aago mẹ́rin ìdájí òní. Ọgbọ́n méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, àná kò tíì jìnnà, kò tíì di ìtàn. Ìkejì, wákàtí 24 ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí o bá fi wákàtí kan kún ìwé kíkà kó lè dùn létí, o gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò níbòmíràn, bóyá nínú oorun. Irọ́ á wá ṣòro pa.

Kí ni wọ́n rí?

Ní 2023, ìpíndọ́gba àkókò tí ará Amẹ́ríkà tó ti pé ọdún 15 fi ń wo tẹlifíṣọ̀n jẹ́ wákàtí 2.7 lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú. Òun nìkan kó ju ìdajì gbogbo àkókò ìgbádùn wọn lọ. Ti ìwé kíkà ńkọ́? Àwọn àgbà tó ti lé ní ọdún 75 ń lò ju ìdajì wákàtí lọ lójúmọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ọdún 15 sí 19 kò lò tó ìṣẹ́jú 15.

Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó kàn sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ti ya ọ̀lẹ, ọ̀rọ̀ á sì tán. Àmọ́ ẹ dúró ná. Ìpíndọ́gba máa ń fi nǹkan pamọ́. Ká ní èèyàn mẹ́wàá ló ń gbé inú ilé kan, ẹnì kan jẹ ẹran mẹ́wàá, àwọn mẹ́sàn-án yòókù ò fẹnu kan ẹran rárá. Bí ẹ bá ṣe ìpíndọ́gba, ẹran kọ̀ọ̀kan ni olúkúlùkù jẹ. Ẹ wá lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn mẹ́sàn-án tí ebi ń pa!

Ní 2025, àwọn olùwádìí láti University of Florida àti University College London tú ìpíndọ́gba náà palẹ̀. Wọ́n lo àkọsílẹ̀ ogún ọdún, ti àwọn èèyàn tó lé ní 236,000. Wọ́n rí i pé ní 2004, bí ẹ bá mú ọgọ́rùn-ún ará Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kan, 28 nínú wọn á ti ka nǹkan fún ìgbádùn ara wọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa di 2023, 16 péré ló kù.

Ibi tó ti wù mí jù rèé: àwọn tó ṣẹ́ kù yẹn kò dín àkókò tí wọ́n fi ń kàwé kù. Ṣe ló tún lọ sókè díẹ̀, láti wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 23 sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 37.

Ẹ jẹ́ ká tún un sọ. Ẹni tó bá ti ṣí ìwé, ó ń kà á pẹ́. Àwọn tó ń ṣí i ló ń dín kù. Ẹnu ọ̀nà ló ṣòro wọ̀. Ẹni tó bá ti wọlé ti rí ìjókòó.

Àwa náà ṣe tiwa

Amẹ́ríkà kì í ṣe Èkó. Wọn kì í dúró de iná kí wọ́n tó tan tẹlifíṣọ̀n, púpọ̀ wọn ò sì ń ṣírò dátà kí wọ́n tó tẹ fídíò. Mo wá ní kí àwa mẹ́ta kọ ohun tí a ń ṣe sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: èmi, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ti Ìkòròdú lọ síṣẹ́ ní Victoria Island, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ onídìrí. Èèyàn mẹ́ta kì í ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí níbikíbi. Àmọ́ a fẹ́ mọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti di kánkán. Wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ fún GCE tọdún yìí. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti jáde ilé ìwé láìní ìwé ẹ̀rí tó pé, wọ́n sì fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìwé ìtàn tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà fún Literature wà nínú báàgì wọn láti oṣù méjì, ewé rẹ̀ ò tíì ká.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìgbà wo ni mo fẹ́ kọ ọ́? Àní mi ò ráyè kàwé, o tún ní kí n máa kọ̀wé!" Mo ní kí ẹ má bínú, ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, èmi á kọ ọ́.

Èsì rèé. Tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́fà. Fíìmù Yorùbá ni ṣáá. Àmọ́ wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n jókòó wo fíìmù láìṣe nǹkan mìíràn, ọjọ́ Sunday ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ti ìwé, òdo ni fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní Wednesday, iná lọ, epo jẹnẹrétọ̀ tán, oníbàárà ò sì yọjú. Wọ́n ka ìwé ìròyìn àtijọ́ kan fún àádọ́ta ìṣẹ́jú gbáko.

Ọ̀rẹ́ mi máa ń lo tó wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀nà lójúmọ́, nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Fídíò lórí fóònù ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ló ṣí ìwé. Èmi ṣí ìwé lọ́jọ́ mẹ́rin, mo sì wo fíìmù lọ́jọ́ mẹ́ta. Nínú ọjọ́ 21 tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ, méje péré ni ẹnì kan ṣí ìwé. Nínú méje náà, kò sí èyí tó kéré sí ìṣẹ́jú 25. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwa náà bá pàdé.

Kí ló dé tí ẹnu ọ̀nà fíìmù fi gbòòrò?

Àkọ́kọ́, fíìmù ò gba gbogbo ara. Ẹ̀gbọ́n mi lè di ṣùkú kí wọ́n sì máa gbọ́ fíìmù, kí wọ́n gbójú sókè nígbà tí ariwo bá ta. Ìwé ò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń fẹ́, ojú náà ni irun ń fẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ìwà àìdáa láti sọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ pé, "Ẹ sáà ń ráyè wo fíìmù." Wákàtí tí wọ́n fi ń gbọ́ fíìmù yẹn ti lówó lórí tẹ́lẹ̀.

Ìkejì, bí ọpọlọ wa ṣe rí. Robert Kubey àti Mihaly Csikszentmihalyi fún àwọn èèyàn ní ẹ̀rọ kékeré tó ń dún lójijì, kí wọ́n lè sọ bó ṣe ń ṣe wọ́n ní àkókò náà gan-an. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ní ara tu àwọn. Bí wọ́n bá pa á, ìtura náà á lọ, àmọ́ ara tó ti wúwo á ṣì wúwo. Wọ́n ní ó máa ń ṣòro fún àwọn láti pọkàn pọ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó kàwé kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé bí o bá ti wo fíìmù tán, fíìmù mìíràn ló rọrùn jù láti ṣe.

Ìkẹta ni "a ó máa bá a lọ ní Part 2." Ní 1928, Maria Ovsiankina, tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Berlin, fi hàn pé bí wọ́n bá dá èèyàn dúró láàárín iṣẹ́ kan, ó máa ń padà sídìí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ohun tí a ò parí máa ń pè wá. Àwọn tó ń ṣe fíìmù mọ èyí, àwọn tó ń ṣe áàpù fídíò sì mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ: kí o tó ronú, èyí tó kàn ti bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù ò lè tán. UNESCO kà á pé fíìmù 872 ni wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2006 nìkan. Bí o bá ń wo méjì lójúmọ́, ọjọ́ 436 lo máa fi wo ti ọdún kan ṣoṣo yẹn!

Ìwé náà ti ní Part 2 rí

Ẹ má rò pé fíìmù ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó tí Isaac B. Thomas ń ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí wọ 1930. Ó ń sọ ìtàn ayé rẹ̀ bó ṣe lo ìgbà èwe rẹ̀ nílùú Èkó. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, wọ́n sì ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nípa rẹ̀. Ìwé kékeré lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni, ó sì ń dá wọn dúró síbi tó dùn. Ẹnu ọ̀nà kékeré, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Ní 2019, Marc Brysbaert kó ìwádìí 190 jọ, ó sì rí i pé àgbàlagbà tó ń fi ojú ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 238 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń kà á sókè máa ń ka 183. Bí ẹ bá ń ka ìṣẹ́jú 15 péré lójúmọ́, ọ̀rọ̀ 3,570 nìyẹn. Lọ́dún kan, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwé tó ní ọ̀rọ̀ 60,000, ẹ máa ka ju ogún rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò ní ojú tó ṣófo, etí ni wọ́n ní. Nítorí náà, ìṣirò ìkejì la mú. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù bó bá ti ilé ìwé dé. A ní kó máa ka ìwé ìtàn náà sókè fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà yẹn. Bó bá lè kà bí àgbàlagbà, ìwé tó ní ọ̀rọ̀ 40,000 á parí ní ọjọ́ 11. Ọmọdé ni, ẹ jẹ́ ká gé e sí ìdajì: ọjọ́ 22. Ìdánwò ṣì ku oṣù méjì.

Wọ́n ti dé ojú ewé 61 báyìí. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan ráhùn pé kí wọ́n tan fíìmù òun padà. Lọ́jọ́ kẹrin, oníbàárà mìíràn tí irun rẹ̀ ti parí kọ̀, kò dìde, ó ní kí ọmọ náà parí orí tó ń kà lọ́wọ́. Ọmọ náà sì ti gbọ́n: bó bá dé ibi tó dùn, á pa ìwé dé, á ní ó di ọ̀la.

Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí

Ẹ kọ́kọ́ kọ àná yín sílẹ̀, láti ìdájí dé ìdájí, kó pé wákàtí 24. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ojú yín ti ṣófo: inú mọ́tò, ìlà báǹkì, ìgbà tí iná bá lọ. Bí kò bá síbì kankan, ẹ wá ibi tí etí ti ṣófo. Ẹ lọ sínú settings áàpù fídíò yín, ẹ pa èyí tó ń jẹ́ kí fídíò tó kàn máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń kàwé, ẹ má dúró sí ìparí orí. Ẹ dúró sí àárín ibi tó dùn, kó lè máa pè yín padà.

Ẹ má dá wákàtí kan fún ara yín. Ẹ kàn pinnu pé ẹ máa ṣí i lónìí.