Òṣùwọ̀n fún Ìtànṣán Tí Ojú Kò Rí

Kò sí ẹni tí kò mọ kóńgò tí a lu ìdí rẹ̀ wọ inú: ó kún ní ojú ẹni tí ń rà, ṣùgbọ́n ọjà kò pé. Irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, ilé iṣẹ́ agbára átọ́míìkì bú gbàmù ní Chernobyl ní ilẹ̀ Ukraine. Afẹ́fẹ́ gbé cesium rẹ̀ kiri Yúróòpù. Ó bọ́ sórí koríko, màlúù jẹ ẹ́, ó sì dé inú wàrà. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó parapọ̀ níbẹ̀ sì pàṣẹ pé wàrà tí ó bá ti òkèèrè wọlé kò gbọdọ̀ ní ju becquerel 370 lọ nínú kìlógíráàmù kan.

Germanium, tí Clemens Winkler rí ní Jámánì ní 1886, ni a fi ń ka ìtànṣán gámà bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti fi nitrogen olómi mú un tutù. Ṣùgbọ́n kì í ka gbogbo rẹ̀. Púpọ̀ ni ó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Mélòó ni ó ń kà nínú 1,000? A lè gbé ohun kékeré kan, tí a ti mọ iye ìtànṣán rẹ̀, síwájú rẹ̀ kí a sì kà á. Ṣùgbọ́n abọ́ wàrà kò rí bí ohun kékeré nì, wàrà tìkára rẹ̀ sì ń dá ìtànṣán dúró. Nítorí náà ni a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, tí í tọ ìtànṣán lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń ṣẹ́ kèké nípa ibi tí yóò yà sí. (Monte Carlo ni a ń pe ọ̀nà yìí, orúkọ ìlú àwọn atatẹ́tẹ́, orúkọ náà kò bu iyì rẹ̀ kù.)

Níhìn-ín ni ìjà dé. Ẹ jẹ́ kí a wí pé kọ̀ǹpútà sọ 12, ìdánwò sì fi 10 hàn. Bí a bá gba ti kọ̀ǹpútà gbọ́, wàrà tí ó ní becquerel 400 yóò di 333 nínú ìwé wa, àwọn ọmọdé yóò sì mu ún. Níbo ni àṣìṣe náà wà? Nígbà púpọ̀, lára èèpo germanium náà ni. Ìtànṣán tí ó bá parí sínú èèpo yìí kò ní í di kíkà, ó sì lè máa nípọn sí i bí a bá fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ láìtutù fún ọdún púpọ̀, tí iye tí olùṣe rẹ̀ kọ sínú ìwé kò fi ní bá a mu mọ́. Àwọn amòye a sì máa fi kún èèpo náà nínú ìṣirò díẹ̀díẹ̀, títí kọ̀ǹpútà yóò fi sọ ohun tí ìdánwò sọ, fún ìtànṣán tí kò lágbára àti fún èyí tí ó lágbára. Ìgbà náà ni wọn yóò tó fi abọ́ wàrà sínú ìṣirò.