Àwọn Àgbà Ọ̀jẹ̀ Mẹ́sàn-án àti Èdè-Ìperí Iṣẹ́ Ìfẹ̀mísáwòrán

Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ léèrè ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní animation, yóò ní katúùnù ni. Bí a bá bi bàbá rẹ̀, yóò ní sinimá ọmọdé ni. Olùkọ́ tí ó fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ yìí kò lè gbára lé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Katúùnù ni à ń pe àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn pẹ̀lú, èyí tí kì í mira rárá. ‘Sinimá ọmọdé’ ní tirẹ̀ ń sọ ẹni tí ó ń wò ó. Kò sọ ohun tí a ṣe. Èrò tiwa ni pé ọwọ́ oníṣẹ́ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò kí á tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Àwọn oníṣẹ́ tí a ó wò níhìn-ín ni àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Walt Disney ní Kalifóníà, ní ìgbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ni a fi ń ya gbogbo àwòrán irú fíìmù bẹ́ẹ̀.

Les Clark, tí ó dé ibẹ̀ ní 1927, ni ó ṣáájú wọn. Àwọn yòókù ni Eric Larson, Wolfgang Reitherman, Milt Kahl, John Lounsbery, Frank Thomas, Ollie Johnston, Marc Davis àti Ward Kimball. Gbogbo wọn ni wọ́n lọ́wọ́ nínú Snow White and the Seven Dwarfs tí ó jáde ní 1937. Johnston ni ó kú gbẹ̀yìn nínú wọn, ní 2008.

Orúkọ tí a fi mọ̀ wọ́n gan-an jẹ́ ìṣòro fún onítumọ̀. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn tí inú ń bí sí àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà a máa pè wọ́n ní arúgbó mẹ́sàn-án. Disney mú orúkọ náà, ó fi dápàárá fún àwọn ayàwòrán rẹ̀. Ní nǹkan bí 1950, kò sí ẹni tí ó tíì pé 50 ọdún nínú wọn. Ẹni tí ó bá kọ ‘Arúgbó Mẹ́sàn-án’ sílẹ̀ ní Yorùbá kò purọ́, ṣùgbọ́n òǹkàwé yóò rò pé ó ń bú wọn ni. ‘Àgbà ọ̀jẹ̀’ ni a yàn, nítorí ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lẹ́wù ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ́. Àpárá náà sọnù lọ́nà. A gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn kò ti inú ìwé wá. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bọ́, láàárín ẹni tí ó mú pẹ́ńsù àti ẹni tí ó jókòó tì í. Ní àwọn ọdún 1970 ni Larson ń fi wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Lounsbery kú ní 1976, Clark ní 1979. Thomas àti Johnston fẹ̀yìn tì ní 1978, wọ́n sì tẹ ìwé ńlá wọn, The Illusion of Life, jáde ní 1981. Bí kì í bá ṣe ìwé náà ni, púpọ̀ nínú ìmọ̀ yẹn ì bá ti bá wọn wọlẹ̀.

Àwọn kan ti dá a lábàá pé kí á máa pe iṣẹ́ yìí ní ‘àwòrán arìn’. A kò fara mọ́ ọn. Gbogbo sinimá ni àwòrán rẹ̀ ń rìn. Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí àwọn aràrá ti dúró yí òkú Snow White ká nínú fíìmù 1937 náà. Thomas ni ó ya ibẹ̀, kò sì tíì ju ẹni ọdún 25 lọ. Àwọn aràrá náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira: orí kan tẹ̀, omijé kan bọ́, ó parí. Síbẹ̀ àwọn òǹwòran sunkún nítorí àwọn tí kò sí láyé rí. Bí ó bá jẹ́ ìrìn ni ìdí iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni ì bá ti kùnà jù. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé aràrá kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni tí ó ń ro nǹkan nínú. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà pàápàá wá láti inú èdè Látìn, níbi tí anima ti jẹ́ èémí tàbí ẹ̀mí.

Nítorí náà, ‘ìfẹ̀mísáwòrán’ ni àbá wa fún iṣẹ́ náà, ‘afẹ̀mísáwòrán’ fún ẹni tí ń ṣe é, àti ‘àwòrán abẹ̀mí’ fún ohun tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì: bí a ti ṣẹ̀dá ‘ìfẹ̀míṣòfò’ náà ni. Abẹ̀mí sì ti wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa tipẹ́. Ẹni tí ó bá ní Ọlọ́run nìkan ni ó ń fi ẹ̀mí sí nǹkan, kí ó wo àkọlé ìwé Thomas àti Johnston: ìrísí ìyè ni wọ́n ní àwọn ń ṣe, wọn kò pè é ní ìyè fúnra rẹ̀.

Ó kan bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Fírémù 24 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fíìmù 1937 náà gba ìṣẹ́jú 83, èyí tí ó já sí nǹkan bí 119,520 fírémù. Nígbà púpọ̀ a máa ń ya fọ́tò àwòrán kan lẹ́ẹ̀mejì, kí àwòrán 12 lè tó fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Síbẹ̀ ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Afẹ̀mísáwòrán a ya àwọn tí ìṣe náà dúró lé lórí, àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ a sì ya àwọn tí ó wà láàárín. Àwọn ti àkọ́kọ́ ni a pè ní ‘àwòrán-òpó’. Ní ti ìkejì, ‘àwòrán-agbedeméjì’ ni yóò kọ́kọ́ wá sí onítumọ̀ lọ́kàn, àṣìṣe sì ni. Ọwọ́ tí ó gbéra kì í déédéé yára. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń dúró. Àwòrán a máa pọ̀ nítòsí òpó kọ̀ọ̀kan, a sì máa wọ́n láàárín. Bí olùrànlọ́wọ́ bá ń fi gbogbo wọn sí agbedeméjì gẹ́lẹ́, bí ẹ̀rọ ni ọwọ́ náà yóò máa rìn. ‘Àwòrán-adíàlàfo’ sàn jù: ó sọ pé àlàfo wà, kò sì sọ ibi tí a ó ti dí i.

Irú ìṣọ́ra kan náà yẹ nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀lù nígbà tí ó bá balẹ̀ tí ó sì ta padà. Olùkọ́ físíìsì yóò fẹ́ lo ‘ìsúnkì’. Ohun tí ó bá súnkì ti kéré sí i. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ yìí kò gbà bẹ́ẹ̀: àpò ìyẹ̀fun tí kò kún ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò fẹ̀. Fà á sókè, yóò tínrín. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kò dín. Ẹni tí ó bá ti gbé àpò èlùbọ́ rí mọ̀ ọ́n. ‘Ìtẹ̀-òun-ìnà’ ni a dá lábàá.

Èyí tí ó le jù ni iye àwòrán tí a fi fún ìṣe kan. Bí orí bá yí láti èjìká kan sí èkejì láìsí àwòrán kankan láàárín, a ó rò pé wọ́n gbá ẹni náà létí. Bí mélòó kan bá wà láàárín, ó ń yẹra fún nǹkan; bí wọ́n bá pọ̀, ọrùn ni ó ń dùn ún. Iye yìí ni ó ń sọ ìtumọ̀ ìṣe. ‘Àkókò’ fẹ̀ jù, ‘ìyára’ sì kéré jù, nítorí ìdádúró wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Títí ẹnì kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò fi mú èyí tí ó sàn jù wá, ‘ìwọ̀n-ìgbà’ ni a ó máa lò.